Ọ̀ṣùṣù Ọwọ̀ Lórí Tábìlì Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Ayọ̀bọ̀, a ní kí ọmọ wa tó wà ní pírámárì kejì kọ ọ̀ọ́dúnrún lé márùn-ún sílẹ̀. 3005 ni ó kọ. A pariwo mọ́ ọn, ó pa á rẹ́, ó tún kọ 3005. Ẹgba ló tẹ̀lé e. Ẹ̀mí Mímọ́ kò jẹ́ kí a sùn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo: ohun tí ó gbọ́ gan-an ni ó kọ, 300 àti 5.

Ohun tí kò tíì yé e ni pé ibi tí nọ́ńbà dúró sí ni ó ń fún un ní iye. Ẹgba kò lè kọ́ ọmọ ní èyí.

Ní ọjọ́ kejì, a tú ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ méjì. (Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ dànù kí ó má baà gún ọmọ lójú.) Ó ka igi ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó ń fi rọ́bà dì wọ́n. Bí ìdì bá ti pé mẹ́wàá, a ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọgọ́rùn-ún kan nìyẹn. A fi báírò pín pépà sí ọ̀nà mẹ́ta: ọgọ́rùn-ún lápá òsì, ìdì mẹ́wàá láàárín, ẹyọ igi lápá ọ̀tún. Ó gbé ìdì ńlá mẹ́ta sí òsì, igi márùn-ún sí ọ̀tún. Àárín ṣófo. "Ṣé òdo ni kí n kọ síbẹ̀?" A kò tíì dá a lóhùn tí ó ti kọ 305.

Èdè wa náà ní tirẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ márùndínlógójì, ogójì ni etí rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n 3 ni yóò kọ síwájú. Ẹ gbé ìdì mẹ́rin kalẹ̀, kí ẹ ní kí ó mú igi márùn-ún kúrò. Kò ní lè ṣe é àfi bí ó bá tú ìdì kan. Ìdì mẹ́ta àti igi márùn-ún ni yóò ṣẹ́kù: 35. Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá ló ń fa ọmọ sẹ́yìn nínú ìṣirò. A kò gbà. Bẹ̀rẹ̀ láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọn kò sì gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Nígbà àdúrà ìdílé, a ka Ẹ́kísódù 18, níbi tí Jẹ́tírò ti gba Mósè nímọ̀ràn pé kí ó yan olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá. Ọmọ wa ní àádọ́ta yẹn kò bá ìdì tòun mu. Ó tọ̀nà!

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú nítorí ẹgba ọjọ́sí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a tètè ra ìgbálẹ̀ mìíràn, ilẹ̀ ti dọ̀tí.