Ògbufọ̀ Àwọn Ẹ̀rọ Ìkàwé

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé PRS-500 jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, ohun ìyanu ni ó jẹ́ lójú àwọn tí ìwé kíkà ti di bárakú fún, nítorí pé ojú rẹ̀ kò tàn yòò bí ti kọ̀ǹpútà, bébà gan-an ni ó jọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti dára tó yìí, fáìlì LRF tí Sony ṣe fún ara rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ètò tí a fi ń kó ìwé sínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ rárá lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux.

Èyí ni ó ká Kovid Goyal lára, ọmọ Íńdíà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Caltech nígbà náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó fara balẹ̀ wádìí ohun tí ẹ̀rọ náà àti kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ, àwọn ẹlòmíràn sì bá a gbé e, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ètò kọ̀ǹpútà wọn, libprs500, jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ní 2008 ni ó di calibre.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni calibre ń ṣe. Yálà fáìlì MOBI ni ẹ gbé fún un tàbí RTF, yóò kọ́kọ́ tú u sí HTML tí a fi ń kọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni yóò tún un dì sí irú èyí tí ẹ̀rọ yín gbọ́. EPUB, tí ó di ìlànà àjùmọ̀lò ní 2007, kì í fún un ní wàhálà: bí ẹ bá yí ìparí orúkọ fáìlì náà sí .zip, tí ẹ sì ṣí i, ẹ ó bá àwọn orí ìwé níbẹ̀, àwòrán, àti àkọsílẹ̀ kékeré kan tí ó sọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé.

PDF ni alágídí inú wọn. Ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jókòó sí lójú bébà ni ó mọ̀, kì í sábà mọ ibi tí ìpínrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá yí i padà, nọ́ńbà ojú-ewé a máa já wọ àárín gbólóhùn, àmì ohùn Yorùbá a sì máa ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì tí ó ni ín. Ìwé tí ọlọ́jà bá sì fi àgádágodo tì, calibre fúnra rẹ̀ kì í já a.

Kindle ti Amazon, tí ó dé ní 2007, kẹ̀yìn sí EPUB pẹ́ títí. 2022 ni Amazon tó gbà kí oníbàárà máa fi í ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń yí i padà kí ó tó dé orí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi PDF nìkan sílẹ̀ fún wa. Ẹ gbé EPUB jáde pẹ̀lú, kí ẹ sì di lẹ́tà tí ó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní wọn.