Oúnjẹ Tó Wọ́n Kọ́ Ló Ń Ṣe Ara Lóore

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni, kó wá wo kíláàsì wa lẹ́yìn bíréékì. Tíṣà á máa ṣàlàyé lójú pátákó, àwọn kan á ti gbórí lé tábìlì. Kì í ṣe pé wọn ò jẹ nǹkan kan o. Púpọ̀ nínú wọn ra bisikíìtì, súwíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Owó ti jáde lápò, ṣùgbọ́n oúnjẹ gidi ò wọnú.

Gbogbo ilé ló ń pariwo pé ọjà ti wọ́n, irọ́ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé oúnjẹ tó wọ́n àti oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore kì í ṣe nǹkan kan náà. Tí a bá mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ, owó kékeré lè gbé wa dé ibi tó dáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. Ẹ mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà inú 100ml jẹ́ 10g, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà márùn-ún, ó di 50g nìyẹn. Ó tó nǹkan bíi hóró ṣúgà mẹ́wàá tí à ń jù sínú tíì. Ta ló máa ń fi hóró mẹ́wàá mu tíì? Ó máa ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní purotéènì tí ara fi ń dàgbà, kò sì ní pẹ́ tí ebi á tún fi dé.

Ẹ wá wo gàrí. Gàrí ń fún wa lágbára, mi ò bá a jà. Àmọ́ purotéènì tó wà nínú 100g gàrí kò tó 3g. Nínú 100g ẹ̀wà tí a ò tíì sè, ó lé ní 20g. Ẹ̀pà tó nǹkan bíi 25g. Ẹ̀wà sóyà tó nǹkan bíi 36g. Nítorí náà, ẹni tó ń da ẹ̀pà sí gàrí kò ṣe àṣejù, ẹ̀pà yẹn gan-an ni oúnjẹ tó wà níbẹ̀! Kó ṣáà ṣa èyí tó ti bu jù nù, torí ẹ̀pà tó bu lè ní májèlé nínú.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú sí mi. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò pé. Ẹyin kan tó ní nǹkan bíi 6g purotéènì tó pé sàn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja ṣáwá, edé, àti irú tí à ń fi sí ọbẹ̀.

Kí ni mo ń pè ní purotéènì tó pé? Ẹ fojú inú wo ilé tí wọ́n fi oríṣiríṣi búlọ́ọ̀kù kọ́. Tí oríṣi kan bá dín, bíríkìlà á dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kù pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí purotéènì ṣe rí nìyẹn. Oríṣi kan kò pọ̀ tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní i. Òmíràn kò pọ̀ tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà sì ní i dáadáa. Tí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ilé á parí.

Ẹ wá ronú sí oúnjẹ àwọn ìyá wa: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti àkàrà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, àdàlú. Gbogbo wọn ni ẹ̀wà ti pàdé ọkà. Àwọn ìyá àgbà wa kò kọ́ Bàólọ́jì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sè ti bá a mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ní sáà tó kọjá, ẹnì kan ní kíláàsì wa máa ń gbé àdàlú wá nínú kúlà. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní oúnjẹ ìṣẹ́ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò gbé kúlà wá mọ́. Ó ń fara mọ́ bisikíìtì, ọjọ́ mìíràn kò ní jẹ nǹkan kan títí a ó fi kílóòsì. Oúnjẹ tó dáa jù ní kíláàsì wa la fi ẹ̀rín lé lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti dárí jì mí, àmọ́ mo rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn nǹkan díẹ̀ tí a lè ṣe nílé.

Ẹ̀wà ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì nílò rẹ̀ gan-an torí ẹ̀jẹ̀ oṣooṣù. Tí a bá jẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà, fítámì C inú ọsàn á ran ara lọ́wọ́ láti gba irin náà. Tíì kò dáa pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà mìíràn.

Ẹ ra ohun tó wà lásìkò rẹ̀. Nígbà tí ọsàn, máńgòrò tàbí àgbàdo bá kún ọjà, owó wọn máa ń wálẹ̀.

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Epo pupa ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, òun ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Tí a bá yan epo títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, a ti sun ún dànù.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi kí ẹ tó sè é, gáàsì á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Tí àyè bá wà, ilé méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó jọ lọ sí Bódìjà kí wọ́n ra ẹ̀wà púpọ̀, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Ó sábà máa ń dín owó ju kí kálukú máa ra ife kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún gbogbo wa rèé: ẹ kọ iye tí ẹ ná ní bíréékì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìyá yín pé kóńgò ẹ̀wà mélòó ni owó yẹn lè rà lóṣù kan. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó gbé àdàlú wá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kó bu díẹ̀ fún yín.