Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Lé Kóòdù Lọ́wọ́

Iṣẹ́ ìparí oṣù

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń ṣe akọ̀wé fún ní agbowó 6, àdúgbò kan fún ẹnì kan. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, kálukú á fi fáìlì orúkọ àti owó tó gbà ránṣẹ́. Èmi á wá jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, màá ṣí ti àkọ́kọ́, màá dà á kọ sínú ìwé ńlá, kí n tó ṣí èkejì. Kí n tó dé ìkẹfà, oorun á ti kún ojú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé: òdo kan á sọnù, ₦10,000 á di ₦1,000.

Irú iṣẹ́ yìí, tí ọwọ́ ń ṣe bákan náà lóṣooṣù, ni kóòdù aládàáṣiṣẹ́ wà fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń kọ́ni a máa sáré dé orí kóòdù, wọn kì í dúró níbi ìpalẹ̀mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáwọ́.

Ohun èlò méjì

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílò èdè tí yóò fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ àti ibi tí yóò ti máa kọ ọ́. Mo yan Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. Ibi ìkọ̀wé tí mo ń lò ni Visual Studio Code, tí iléeṣẹ́ Microsoft gbé síta ní 2015. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí méjèèjì.

Ohun kan péré ni màá tọ́ka sí níbi fífi Python sórí Windows. Nísàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ *Add python.exe to PATH* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àmì sí i. Bí ẹ bá fò ó, kọ̀ǹpútà lè sọ fún yín pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ python, nígbà tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ náà ni Python wà.

Ààrò ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Nínú agboolé ńlá, ìyálé ní ààrò tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, iyọ̀ ẹnì kan kì í sì wọ ọbẹ̀ ẹnì kejì. Bó ṣe yẹ kí kóòdù rí náà nìyẹn. Iṣẹ́ kan lè fẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ nínú irinṣẹ́ kan, kí iṣẹ́ mìíràn fẹ́ ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sójú kan, ọjọ́ tí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe ni èkejì á dákú.

Láti 2012 ni Python ti ní ọ̀nà àbáyọ sí èyí nínú ara rẹ̀. Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ẹ ṣí i nínú Visual Studio Code, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ `python -m venv .venv`. Ààrò ti wà nìyẹn. Ẹ ó wá wọ inú rẹ̀: lórí Windows, ẹ kọ `.venv\Scripts\activate`, lórí Mac tàbí Linux, `source .venv/bin/activate`. Bí ẹ bá ti rí .venv nínú àkámọ́ níwájú ìlà tí ẹ ń kọ̀wé sí, ẹ ti wọlé.

Ó kù díẹ̀. Visual Studio Code fúnra rẹ̀ lè má tíì mọ̀ pé ẹ ti kó wọ ilé tuntun. Ẹ tẹ Ctrl (Cmd lórí Mac), Shift àti P pọ̀, ẹ wá *Python: Select Interpreter*, kí ẹ sì mú èyí tó ní .venv nínú. Mo ti rí ẹni tó fi irinṣẹ́ kan náà sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹta, tí kóòdù ṣì ń kọ *ModuleNotFoundError* fún un. Irinṣẹ́ wà ní ààrò kan, ó ń se ọbẹ̀ ní òmíràn.

Orúkọ wa, àmì ohùn wa

Ibí yìí ni mo ti fara gbá. Lọ́jọ́ tí kóòdù mi kọ́kọ́ kó fáìlì 6 pọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà méjì. Ìwé wá kà á sí ajigbèsè. Ó pè mí pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo sì tọrọ àforíjì, àmọ́ n kò mọ ohun tó fà á. Mo wo orúkọ méjèèjì títí, n kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ìyàtọ̀ wà, ojú ni kò lè rí i. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, `ọ` ní nọ́ńbà tirẹ̀, `ò` náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n `ọ̀` kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ṣe ni wọ́n ń tò ó jọ. Fóònù kan lè mú `ọ`, kó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mìíràn lè mú `ò`, kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kóòdù, ẹni méjì ni.

Ìlà kan ló yanjú rẹ̀: `unicodedata.normalize("NFC", oruko)`. Ó ń tún gbogbo orúkọ tò ní ọ̀nà kan ṣoṣo kí kóòdù tó fi wọ́n wéra. Bákan náà, bí fáìlì bá ti Excel wá, *CSV UTF-8* ni kí ẹ fi pa á mọ́, nítorí CSV lásán lè sọ lẹ́tà wa di àmì ìbéèrè. Níbi tí kóòdù yín ti ń ṣí fáìlì náà, ẹ kọ `encoding="utf-8-sig"`. Àwọn tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ronú kan èyí, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ bá wa.

Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe ná

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital tó ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà gbé kóòdù tuntun sórí ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀rọ 8 ló yẹ kí ó dé, ọ̀kan ṣẹ́kù. Kóòdù àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì sórí ẹyọ kan yẹn jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là ti lọ. Kì í rẹ kóòdù, kì í sì í ṣiyèméjì. Bó ṣe ń yára ṣe rere ló ń yára ṣe ìbàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kó fọwọ́ kan ojúlówó fáìlì. Ẹ ṣe ẹ̀dà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ `gidi = False` sókè kóòdù, kí ẹ sì ṣètò pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ False, kí ó kàn tẹ ohun tó fẹ́ ṣe sójú, kó má kọ ohunkóhun. Ẹ kà á bí ìgbà tí ẹ ń ka àkọsílẹ̀ owó.

Pásíwọ́ọ̀dù

Ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú kóòdù. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ `.env`, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nínú `.gitignore` pẹ̀lú `.venv/`, kí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, má baà kó o lọ. Fáìlì orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ jáde. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti 2023. Bí pásíwọ́ọ̀dù bá ti dé GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó kóòdù wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pípa á rẹ́ nìkan kò tó, torí ìtàn iṣẹ́ náà ṣì ń rántí rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí aago bá ń pè é

Lórí Linux, cron ló ń jí kóòdù. `0 20 28 * *` túmọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ 28, lóṣooṣù. Cron kò mọ ààrò tí ẹ dá, nítorí náà ẹ júwe ọ̀nà dé Python tó wà nínú .venv fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kọ̀ǹpútà bá sì kú lásìkò náà, iṣẹ́ ti fò nìyẹn, cron kì í padà wá ṣe é. Task Scheduler ti Windows ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó ṣe èyí tó fò ní kété tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Níbi tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú, ẹ fi àmì sí i.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo kóòdù tèmi pẹ̀lú False. Lóṣù kìíní, ìlà 4 kò bá ti ọwọ́ mi mu. Lóṣù kejì, ìlà 1. Lóṣù kẹta, gbogbo rẹ̀ bára mu, orúkọ Adébáyọ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Mo yí False sí True, mo sì lọ sùn.