Láti Agolo Sàdíìnì dé Táńkì Jámánì

Tírélà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ajegunle kọ́kọ́ máa ń ṣe. Kò yani lẹ́nu. Láti Boundary títí dé ẹnu ọ̀nà èbúté Apapa, tírélà ni ojú ń rí láàárọ̀, òun náà ni ojú ń rí lálẹ́: orí gíga níwájú, kọ̀ǹtéénà gbọọrọ lẹ́yìn, táyà rẹpẹtẹ nísàlẹ̀. Ọmọ náà á wá agolo sàdíìnì fún orí ọkọ̀, á to agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn, á gé bàtà sílípáàsì tó ti já ní róbótó fún táyà, á sì fi wáyà gún táyà méjì-méjì pọ̀. Wọ́n á so okùn mọ́ iwájú, ọkọ̀ á gbéra.

Iṣẹ́ yìí náà ni àwọn àgbàlagbà kan ń fi ike, abẹ́ àti ọ̀dà ṣe ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà. Wọ́n lè lo oṣù mélòó kan lórí ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo tó ṣeé gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Àwòṣe ni Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà: wò ó dáadáa, kí o tó ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn láti ṣe ni A7V, táńkì àkọ́kọ́ tí Jámánì gbé lọ sójú ogun.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ da irú rẹ̀ sójú ìjà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1916, lágbègbè odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. Kí àṣírí má bàa tú nígbà tí wọ́n ń kàn án, wọ́n díbọ́n pé táńkì omi ni àwọn ń ṣe. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ohun tó ń gba omi lẹ́yìn ilé wa fi tún ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ tó ń yìnbọn.

Jámánì ò fẹ́ gbẹ́yìn. Ẹ̀ka keje iléeṣẹ́ ogun wọn, èyí tó ń bójú tó ìrìnnà, gbé iṣẹ́ náà lé Joseph Vollmer lọ́wọ́. Orúkọ ẹ̀ka náà ni wọ́n gé kúrú tó fi di A7V. Katakata Holt ti Amẹ́ríkà ni Vollmer wò ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì gbé àpótí irin lé e lórí. Ní oṣù Kẹrin 1917, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń rìn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1918, ọkọ̀ náà wọ ìjà. 20 péré ni wọ́n kàn parí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, lẹ́bàá Villers-Bretonneux, A7V àti táńkì Gẹ̀ẹ́sì kojú ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí táńkì bá táńkì jà láyé.

Ọmọ Apapa á tètè mọ bó ṣe tóbi tó. Ó gùn ju mítà 7 lọ, ó ga ju mítà 3 lọ: ó fi díẹ̀ tóbi ju kọ̀ǹtéénà ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, bíi kọ̀ǹtéénà ẹsẹ̀ bàtà 40 tí wọ́n kó ẹrù kún fọ́fọ́. Ẹ wáá fi ìbọn ńlá kan sí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́fà yí ìyókù ká, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì Daimler méjì sí àárín, kí ẹ sì kó èèyàn 18 sínú rẹ̀. Awakọ̀ jókòó sórí ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tí kò ti lè rí ilẹ̀ tó wà nítòsí iwájú ọkọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ jù, nítorí náà kòtò àti ẹrẹ̀ ojú ogun tètè ń mú un.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Mephisto ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 506. Inú kòtò tí ọta ìbọn ńlá gbẹ́ ló há sí lọ́jọ́ ìjà Villers-Bretonneux. Àwọn ọmọ ogun Australia wọ́ ọ jáde ní oṣù Keje, ó sì dé Brisbane ní 1919. Mùsíọ́mù Queensland ló wà títí di òní. Nígbà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn òmíràn ní 1987 fún mùsíọ́mù wọn ní Munster, ara Mephisto ni wọ́n ti wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwòṣe ni ìyẹn náà, kìkì pé wọn ò dín in kù.

Àwọn tó ń dín in kù sábà máa ń lo ìdá 35, ìyẹn ìdá kan nínú 35 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi. Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ ìṣirò kan ló bí nọ́ńbà yẹn. Iléeṣẹ́ Tamiya ní Japan ló fẹ́ ṣe táńkì Panther, Jámánì náà ló ni ín, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n sì fẹ́ kó máa dá rìn. Mọ́tò kékeré àti bátìrì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀. Ìwọ̀n tó gbà wọ́n ló di ìdá 35, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agolo mílíìkì ṣe ń pinnu bí tírélà ọmọ Ajegunle á ṣe tóbi tó.

Yorùbá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbé alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sórí ère. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbẹ́ ajẹ́lẹ̀, lọ́yà àti àwọn òyìnbó mìíràn ní kékeré. Ó fi yíǹkì pupa, yíǹkì dúdú àti pólíìṣì bàtà funfun kùn wọ́n. Ohun tó rí láyìíká rẹ̀ ló ní òun ń gbẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe A7V ní Ajegunle ò nílò kó dúró de páálí ike láti òkè òkun. Táńkì yìí rọrùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà lọ, torí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bo púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Páálí bisikíìtì tó le dáadáa, rúlà, abẹ́ àti gọ́ọ̀mù ti tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìdá 35, á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21, á fẹ̀ ní nǹkan bíi 9, á sì ga ní nǹkan bíi 9 ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́, nítorí àwọn kan ní irin ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ odidi kan, àwọn mìíràn sì ní èyí tí wọ́n fi irin márùn-ún tò pọ̀. Orí ribẹ́ẹ̀tì ló máa gba sùúrù jù. Ó lè fi abẹ́rẹ́ tí kò mú mọ́ tẹ páálí láti ẹ̀yìn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà tó ti fi rúlà fà, tàbí kó máa kán gọ́ọ̀mù sí i tóótòòtó.

Kó tó lẹ òrùlé, kó gé igi ìgbálẹ̀ 18, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ọkùnrin kan ṣe ga tó nìyẹn ní ìdá 35. Kó gbé ẹ́ńjìnnì méjèèjì sí àárín, kó to igi náà yí wọn ká, nídìí ìbọn kọ̀ọ̀kan, kó sì fi méjì sókè lórí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, kó rọra gbé òrùlé lé wọn lórí.