Ọpọ́n Ìmọ̀ tí wọ́n gbé dé Iléṣà: Ẹ̀rọ dé lóòótọ́, àmọ́ gbèsè àwọn ọmọ iléèwé ṣì wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2013, nígbà tí wọ́n kó ara wọn jọ sí Zenabab Half Moon Resort, n'Íléṣà. Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tóun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló fi ẹ̀rọ kékeré kan han aráyé lọ́jọ́ náà, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é. Bíi síléètì ayé àtijọ́ ló rí. Béèyàn bá ti fọwọ́ kàn án lójú, ìwé á ṣí. Ìwé iṣẹ́ oríṣi 17 tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ló wà nínú ẹ̀, ìbéèrè ìdánwò JAMB àti WAEC tó lé ní 40,000 sì tún wà níbẹ̀. Kò dẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Ìjọba ní 150,000 làwọn máa pín fáwọn ọmọ girama àgbà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òbí tó ń ra ìwé fọ́mọ mẹ́ta kò ní í yọ̀?

Àmọ́ ọmọbìnrin kan tó ń múra ìdánwò JAMB l'Óṣogbo ń bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó lo ọpọ́n náà. Ó ní ẹ̀rọ lè sọ fọ́mọ pé B ni ìdáhùn, àmọ́ bí kò bá yé ọmọ náà, ta ni yóò ṣàlàyé? Ṣebí tíṣà ni. Tíṣà ọ̀hún ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú rèé. Nígbà tó di 2015, owó oṣù di ìjà l'Ọ́ṣun. Láti ọdún náà títí wọ 2018, àbọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà, àwọn tíṣà náà sì wà nínú wọn. Tíṣà tí kò rówó mọ́tò san, báwo ló ṣe máa dúró ti ọmọ tí físíìsì kò yé?

Ọdún 2015 yẹn kan náà ni JAMB sọ pé kò sí bébà mọ́, kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo ọmọ máa fi ṣe ìdánwò. Ọmọ olówó tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré nílé kò mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ àgbẹ̀ lẹ́yìn Iléṣà tí kò fọwọ́ kan án rí ló ń wá ibi tí lẹ́tà A wà nígbà tí wákàtí ń lọ. Ṣé ọpọlọ ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀ yẹn, àbí ìka ọwọ́?

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe o. L'ọ́dún 2025, wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí kọ̀ǹpútà JAMB láwọn ibi kan, ló bá ba máàkì àwọn ọmọ jẹ́ l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún nílẹ̀ Ìbò. Àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB lákòókò náà, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn. Ẹ̀rọ kọ́ ló tọrọ àforíjì, èèyàn ni.

Ọmọbìnrin yẹn kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n kó o wá, kí wọ́n sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni, kí wọ́n sanwó ẹ̀ pé. Ẹni tó bá ra ọpọ́n Ifá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹfá, igi lásán ló rà.

Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló. Bí wọ́n bá tajà àwìn, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Gbèsè ẹ̀kọ́ táwọn ọmọ wọ̀nyí ń bèèrè, wọn ò tí ì rí i gbà. Wọ́n ṣì wà lóṣòó.