Kámẹ́rà Méje, Ihò Mẹ́rin

Eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà kan ṣoṣo lè yà tán. Ní ẹkùn Plateau nílẹ̀ Benin, níbi tí Adja-Ouèrè, Pobè àti Kétou wà, Ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ akọrin eré náà ló máa ń fi orin bú oníwàkiwà lóru. Tílẹ̀ bá mọ́, àwọn tó gbé ère sórí á wá jó ní méjì-méjì. UNESCO kọ orúkọ eré yìí sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008. Onílù wà lápá kan, àwọn ìyá àgbà wà lápá kejì, èrò sì yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ á tètè rí i pé kámẹ́rà méje kò pọ̀ jù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. ATEM Mini, switcher tí Blackmagic Design gbé jáde ní 2019, tí owó rẹ̀ kò ga ju apá lọ, ihò HDMI mẹ́rin péré ló ní fún àwòrán tó ń wọlé.

Router ló ń gbani nírú àkókò yìí. Switcher ni olùdarí ń tẹ̀ láti fi àwòrán kan rọ́pò òmíràn, láti po méjì pọ̀, tàbí láti kọ orúkọ sísàlẹ̀. Router kò mọ ìkankan nínú ìyẹn. Ohun kan ló mọ̀: èyí tó gba ibí wọlé, ibo ni kó gbà jáde? Router kan bíi Smart Videohub 12x12 ní ojú ìwọlé 12 àti ojú ìjáde 12, àwòrán tó bá sì wù wá la lè darí síbi tó wù wá. Wáyà SDI ló ń lò, kì í ṣe HDMI, nítorí náà ATEM Mini á nílò àpótí kékeré tó ń yí SDI sí HDMI. Ìnáwó náà tọ́ ní gbàgede abúlé: orí wáyà SDI ń yí, ó sì ń há, ẹsẹ̀ èrò kò lè tètè fà á yọ, wáyà tó dáa sì lè gbé àwòrán HD lọ tó ọgọ́rùn-ún mítà.

Ẹ fi ihò mẹ́ta sílẹ̀ fún kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ sọnù: agbéère, onílù, gbogbo agbo. Router ni kó máa bọ́ ìkẹrin. Ṣùgbọ́n bí ìkẹrin bá wà lórí afẹ́fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan router o! Aago kámẹ́rà kan kò bá tòmíràn mu, bí ẹ bá sì pààrọ̀ wọn lójijì, àwòrán lè fò tàbí kó ṣú lójú olùwòran.

Ewu kejì kò hàn síta. Bọ́tìnì 4 tó jẹ́ ti ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan lè ti di ti èrò, switcher ò sì mọ̀. Ẹni tó jókòó ti router gbọ́dọ̀ máa pariwo gbogbo ìyípadà sétí olùdarí.

Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kó má ra router. Wáyà gidi àti bátìrì ni kó kọ́kọ́ náwó lé.