Aṣọ Inú Àpótí Ìyá Àgbà

Bí ẹ bá fẹ́ aṣọ tí ẹlòmíràn kò ní, kí ẹ tó gba ọjà lọ, ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí àpótí. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bá ohun tí àwọn obìnrin wa fi ń ṣe ẹ̀yẹ ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1960: ẹtù, sányán, àlàárì, àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí kò bá sí nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta aṣọ òfì ní Òjé, n'Ìbàdàn.

Ẹ fi ọwọ́ pa á wò. Òwú tí a fi ọwọ́ ran kì í dọ́gba. Yóò ki níhìn-ín, yóò fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, aṣọ náà yóò sì wúwo. Ní ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni a fi kọ iṣẹ́ sí i lára kí a tó rì í sínú aró. Bí ẹ bá rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára rẹ̀, Ìbàdàn Dùn ni ẹ dì mú.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ró o àti ẹni tí ó rà á fún wọn. Ẹ sì béèrè bóyá tọkàntọkàn ni wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí àwọn ìyá mìíràn ti ya èyí tí a ó fi sin wọ́n sọ́tọ̀, ojú a sì máa tì wọ́n láti sọ ọ́ fún ọmọ.

Télọ̀ yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé e di gáùn. Ẹ má gbà! Òfì tí a bá gé a máa tú létí. Ẹ ró o bí ó ti wà, kí ẹ fi bùbá funfun lásán sí i. Èyí tí ó bá ti gbó jù fún ìró, ẹ fi ṣe ìborùn. Èjìká kì í fa aṣọ ya bí ìbàdí.

Omi tútù ni kí ẹ fi fọ àdìrẹ, òun nìkan, kí ẹ sá a sí ibòji. Ìtọ́jú aṣọ ni mò ń kọ́ni ní yunifásítì, síbẹ̀, ní ọdún tí mo ṣe ìgbéyàwó, mo rẹ Ìbàdàn Dùn ìyá ìyá mi sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ líle. Aró ṣí, àwọn òpó Mápó sì di òjìji. Ìyá mi kò bá mi wí. Wọ́n ká a, wọ́n gbé e padà sínú àpótí, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí. Wọn kò tíì fún mi ní òmíràn.